Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́: Ta Ni Kí Ó San Owó Ọ̀nà?

Ìrìn àjò tí mo fẹ́ ròyìn fún yín ní ọ̀sẹ̀ yìí kò jìnnà rárá. Láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́ kò ju bí kìlómítà 52 lọ. Ẹni tí ó bá jẹ ẹ̀kọ òwúrọ̀ ní Akẹ̀sán lè jẹ àmàlà láfún ọ̀sán ní Tákíé, bí ọ̀nà bá gbà fún un. Ṣùgbọ́n ẹrù kan wà lọ́kàn mi lọ́jọ́ náà tí ó mú kí ọ̀nà gùn.

Ní àdúgbò wa ní Ọ̀yọ́ ni ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Àgbàrá òjò ti jẹ ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà wa títí, ó sì là afárá kékeré tí a ń gbà bọ́ sí títì ńlá sí méjì. Àwa onílé ṣe ìpàdé. A ní kí a má dúró de ìjọba mọ́, kí a dá owó, kí a fi ra sìmẹ́ńtì àti irin, kí a sì wá bíríkìlà. Kò sí ẹni tí ó kọ̀. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé nítorí pé tíṣà ni mí, bí ẹni pé pẹ̀lú bírò lọ́wọ́ ni a bí gbogbo tíṣà. Iye tí wọ́n bù fún wa ni N25,000 fún ilé kọ̀ọ̀kan. Ilé 41 ni ó wà nínú ìwé mi, àpapọ̀ owó náà sì jẹ́ N1,025,000. Lójú ìpàdé, ìṣirò náà mọ́ kedere, mo tilẹ̀ yin ara mi pé ó rọrùn láti kọ.

Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kan ilẹ̀kùn kiri ni mo rí i pé ohun tí ó rọrùn láti kọ kò fi dandan rọrùn láti san. Ilé kẹtàdínlógún jẹ́ ti opó kan tí ó ń ta ẹ̀kọ ní ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Yàrá méjì ni ilé náà ní. Ilé kejìdínlógún, tí ògiri tiwọn fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ara wọn, jẹ́ ti Alájì kan tí ó ní típà mẹ́ta tí wọ́n fi ń kó yanrìn. Láti ìdájí ni àwọn típà wọ̀nyí ti ń gba orí afárá náà kọjá, tí ilẹ̀ àdúgbò á sì máa mì. Nígbà tí mo dé ọ̀dọ̀ opó yìí, ó wọlé lọ, ó pẹ́, ó sì jáde pẹ̀lú N3,000 tí ó tú láti etí aṣọ rẹ̀.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ bá mi kọ èyí sílẹ̀ ná. Ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ̀kọ tí mo ń rù lórí ni ó fọ́ afárá?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Ìpàdé ti pinnu pé ẹni tí kò bá san owó rẹ̀ pé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, àwọn ọ̀dọ́ yóò lọ gbé ohun kan nínú ilé rẹ̀ títí yóò fi san. Ọwọ́ mi ni ìwé orúkọ wà. Èmi ni n ó ka orúkọ rẹ̀ jáde.

Ẹ̀gbọ́n bàbá tí ó bí mi ń gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́. Láti kékeré ni mo ti ṣàkíyèsí pé bí ẹnikẹ́ni bá ti mẹ́nu kan owó-orí lọ́dọ̀ wọn, wọn á dìde, wọn á ní àwọn fẹ́ lọ wo ewúrẹ́. Mo rò ó títí, mo sì sọ fún ara mi pé ẹni tí ọ̀rọ̀ owó-orí lè lé kúrò lórí àga yóò ní nǹkan láti kọ́ mi. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Sátidé, mo lọ wọkọ̀ ní Òwódé.

Kí ọkọ̀ wa tó kúrò, mo ka ẹ̀ẹ̀mẹta tí awakọ̀ na owó jáde fún àwọn ènìyàn tí ó di bébà pélébé mú lọ́wọ́. Ìyá kan jókòó tì mí, oníláfún ni, ó ti tajà tán ní Ọ̀yọ́, àpò òfìfo ni ó ń kó padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Mo bi wọ́n léèrè pé, "Màmá, owó kí ni awakọ̀ ń san yẹn?"

Wọ́n wò mí bí ẹni tí ó ń wo ọmọdé. "Tíṣà, èmi náà san owó ilẹ̀ ní ọjà, mo san owó àwọn tí ó bá mi sọ àpò kalẹ̀, mo san owó ọkọ̀, awakọ̀ sì ti ro owó bébà yẹn mọ́ ọn. Ẹ wo inú gbogbo rẹ̀, kí ẹ sọ fún mi èwo ni wọ́n fi ń dí kòtò."

Èmi tí mo ń kọ́ ọmọ ní ìṣirò kò rí ìdáhùn fún wọn. Mo tilẹ̀ lè fi kún ìṣirò wọn. Bí Màmá bá ra káàdì ìpè fún fóònù wọn, owó ìjọba wà nínú rẹ̀, èyí tí a ń pè ní VAT, tí ó ti di náírà méje àbọ̀ lórí ọgọ́rùn-ún náírà láti oṣù Kejì ọdún 2020. Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ máa ń sọ pé àwọn obìnrin ọjà kì í san owó-orí, ẹ jọ̀wọ́ ẹ wá jókòó sí ẹ̀yìn ọkọ̀ èrò lọ́jọ́ kan.

Ọ̀nà tí à ń tọ̀ yìí ní ìtàn. Láti Ìbàdàn wá sí Ọ̀yọ́ ni wọ́n la ọ̀nà mọ́tò tí a máa ń kà sí àkọ́kọ́ ní gbogbo Nàìjíríà, ní 1906. Ọkọ̀ ojú irin kò gba ìhà tiwa. Òṣogbo àti Ọ̀fà ni ó gbà lọ sí Ìlọrin. Nítorí bẹ́ẹ̀ títì ni Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ fi ń jẹun, títì náà ni ó sì ń pa wọ́n. Ẹrù tí ó ń ti òkè Ọya bọ̀ wá sí Èkó, àlùbọ́sà, ẹ̀wà, màlúù, àti ẹrù tí ó ń ti èbúté Èkó lọ sí òkè, ọ̀pọ̀ rẹ̀ ni ó ń gba ibí kọjá. Ọ̀nà àtijọ́ náà tóóró. Mélòó ni a ó kà nínú àwọn tí ó ti bá a lọ, tí wọn kò délé mọ́?

Nígbà tí a kù díẹ̀ kí a dé Odò Ọbà, gbogbo ọkọ̀ dúró. Tírélà kan ti dùbúlẹ̀ sí àárín ọ̀nà bí erin tí ọdẹ yìn níbọn. Wákàtí méjì ni a fi jókòó síbẹ̀. Awakọ̀ wa tẹ́ ẹní sílẹ̀, ó sùn. Oníláfún bú àwọn onítírélà, ó bú ìjọba, ó sì fún mi ní ẹ̀pà jẹ.

Níbi tí a jókòó sí, mo rántí ohun kan tí mo ti kà. Láàrin 1958 àti 1960, àwọn ẹlẹ́rọ ilẹ̀ Amẹ́ríkà ṣe ìdánwò kan ní ẹ̀bá ìlú Ottawa ní ìpínlẹ̀ Illinois. Wọ́n la ọ̀nà lásán fún ìdánwò, wọ́n sì ní kí àwọn sójà máa wa ọkọ̀ akẹ́rù yípo lórí rẹ̀, kí wọ́n lè mọ ẹrù tí í ba ọ̀nà jẹ́. Ohun tí wọ́n rí yóò yà yín lẹ́nu. Ẹ mọ irin tí ó so táyà ọ̀tún àti ti òsì pọ̀ lábẹ́ ọkọ̀. Bí ẹrù tí ó wà lórí irin náà bá di ìlọ́po méjì, ìbàjẹ́ tí ó ń ṣe fún ọ̀nà kì í ṣe ìlọ́po méjì, ó tó ìlọ́po mẹ́rìndínlógún. Bí ó bá di ìlọ́po mẹ́ta, ìbàjẹ́ náà ń lọ sí ìlọ́po mọ́kànlélọ́gọ́rin. Ọkọ̀ kékeré tèmi àti tiyín fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣe ọ̀nà ní nǹkan kan. Ẹlẹ́rù wúwo ni ó ń wa ilẹ̀.

Àwọn bàbá wa kò lọ sí Illinois, ṣùgbọ́n oníbodè ayé àtijọ́ mọ ẹrù í wò. Oníṣòwò tí ó bá dé ẹnu ibodè ìlú, ẹrù rẹ̀ ni wọ́n fi ń díwọ̀n owó tí yóò san, ẹni tí ó rù púpọ̀ a san púpọ̀. Ìyẹn kò sọ oníbodè di ẹni mímọ́ o; àwọn kan jẹ́ ọ̀jẹun. Ìwọ̀n wọn ni mo ń sọ.

Ní ti títì tuntun alọ́po méjì tí wọ́n ń ṣe láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, ẹ jẹ́ kí n sọ ibi tí apá kan owó rẹ̀ ti wá, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé láti inú epo rọ̀bì ni ohun gbogbo ti ń wá. Ní oṣù Kẹsàn-án ọdún 2017, ìjọba àpapọ̀ yá bílíọ̀nù N100 lọ́wọ́ àwọn ará ìlú àti àwọn báńkì ní ìlànà tí a ń pè ní sukuk. Títì 25 káàkiri orílẹ̀-èdè ni wọ́n kọ sí ìdí owó náà, ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ sì wà lára wọn. Àwọn tí ó yá ìjọba lówó ń gba N16.47 lọ́dún lórí ọgọ́rùn-ún kọ̀ọ̀kan fún ọdún méje, wọ́n sì gba ojú owó wọn padà. Inú àpò ìjọba ni owó náà ti jáde, àpò ìjọba sì ni ibi tí VAT ara káàdì oníláfún ń lọ. Àwìn kì í ṣe ọ̀fẹ́. Síbẹ̀ n kò bú àwìn yìí, nítorí ó ní ohun kan tí owó ìyókù kò ní: wọ́n dárúkọ ọ̀nà tí wọ́n fẹ́ fi ṣe kí wọ́n tó gbà á.

A dé Ògbómọ̀ṣọ́ nígbà tí oòrùn ti yí. Ìlú ńlá ni Ògbómọ̀ṣọ́ Ajílété. Àwọn ọmọ yunifásítì kún orí ọ̀kadà ní Tákíé, àwọn oníkajú pàtẹ sí ẹ̀bá títì. Mo gba ìhà ààfin Ṣọ̀ún kọjá, mo sì dúró díẹ̀. Ní oṣù Keje ọdún 1969, àwọn tí ó ń jà nítorí owó-orí pa Ọba Ọlájídé Ọláyọdé, Ṣọ̀ún ti ìgbà náà. A kò kọ́ mi ní ìtàn yìí nílé ìwé. Ọ̀rọ̀ ẹnu àwọn àgbà ni mo ti gbọ́ ọ fìrí.

Bàbá mi àgbà wà lábẹ́ igi máńgòrò wọn. Mo dọ̀bálẹ̀, wọ́n kí mi, wọ́n bèèrè ìyàwó àti ọmọ. Mo jẹun tán kí n tó tú ìwé orúkọ mi jáde. Mo sọ ti afárá, ti opó, ti Alájì. Wọn kò dìde lọ wo ewúrẹ́ lọ́tẹ̀ yìí. Wọ́n dákẹ́ pẹ́.

Wọ́n ní, "Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà. Oko ni bàbá wa ń sùn bí àwọn agbowó-orí bá wọ̀lú. Ẹ̀yin ọmọ ìsinsìnyí rò pé owó ni wọ́n ń sá fún. Ẹjọ́ tí wọn kò lè rò ni wọ́n ń sá fún. Wọn a kàn bu iye kan fún ọ. Bí òjò rọ̀, bí kò rọ̀, bí o ní ìyàwó kan, bí o ní mẹ́fà, iye kan náà. Bí o bá sọ pé o kò ní i, ìjà. Tí wọ́n bá mú ọ lójú ọ̀nà tí o kò ní ìwé owó-orí nínú fìlà, ìjà."

Mo bèèrè ti ọba. Wọ́n mi orí. "Ọba kọ́ ni ó bu owó náà. Àwọn tí ń wá ẹni tí ó bu owó kò rí i, ọba ni wọ́n rí." Wọn kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ, èmi náà kò sì bèèrè mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n fi ohun tí ìwé sọ kún tiwọn. Ní 1968 àti 1969, nígbà tí ogun abẹ́lé ṣì ń lọ, àwọn àgbẹ̀ ìhà Ìbàdàn àti àyíká rẹ̀ dìde, Àgbẹ́kọ̀yà ni orúkọ wọn, Táfà Adéoyè sì jẹ́ ọ̀kan pàtàkì nínú àwọn olórí wọn. Wọ́n ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà, èyíinì ni ọgbọ̀n ṣílè, ni àwọn yóò san. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbàgbé nìyí: lára ohun tí wọ́n bèèrè ni pé kí ìjọba tún ọ̀nà tí ó lọ sí abúlé wọn ṣe. Àwọn tí a ń pè ní ọ̀tá owó-orí ń bèèrè títì! Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹ̀jẹ̀ ti ta sílẹ̀ púpọ̀ ni ìjọba gbà láti sọ owó-orí di pọ́ùn méjì, lẹ́yìn tí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ti lọ bá wọn sọ̀rọ̀.

Awólọ́wọ̀ kan náà ti tọ́ ọ̀rọ̀ yìí wò ṣáájú. Ṣílè mẹ́wàá àti sísì ni ìjọba rẹ̀ bù fún ẹni kọ̀ọ̀kan ní 1953 nítorí ẹ̀kọ́ àti ìlera, àwọn ènìyàn sì bínú tó bẹ́ẹ̀ tí ẹgbẹ́ rẹ̀ fi fìdí rẹmi ní ilẹ̀ tirẹ̀ nínú ìdìbò àpapọ̀ ti 1954. Ṣùgbọ́n ní oṣù Kìíní ọdún 1955 ilẹ̀kùn ilé ìwé ọ̀fẹ́ ṣí, àwọn ọmọ wọlé, ariwo náà sì rọlẹ̀. Mo rò pé ẹni tí ó bá fi ojú rí ibi tí owó rẹ̀ wọlé sí a máa dárí ji ẹni tí ó gbà á.

Bàbá mi àgbà tún sọ̀rọ̀. Wọ́n ní ní abúlé oko wọn, àwọn fúnra wọn ni wọ́n ń yẹ ọ̀nà. Ilé tí ó ní géńdé mẹ́rin á mú ọkọ́ mẹ́rin wá, ilé tí ó ní ẹyọ kan á mú ẹyọ kan. Opó kì í mú ọkọ́ wá. Omi mímu ni ó ń gbé wá, kò sì sí ẹni tí ó ń sọ pé kò ṣe tirẹ̀. Odò kékeré kan wà lójú ọ̀nà náà tí wọ́n fi igi ìrókò tẹ́ afárá sí. Lọ́dún kan ọkọ̀ bọ̀lẹ̀káàjà kan bẹ̀rẹ̀ sí í wá ko iṣu, igi náà sì ṣẹ́. "Ǹjẹ́ o mọ ẹni tí ó ra igi mìíràn? Ọlọ́kọ̀ ni. A kò bá a jà. A kàn bi í pé, kí ọkọ̀ rẹ tó dé, ta ni ó fọ́ afárá rí?"

Mo sùn ibẹ̀ mọ́jú. Lóru, mo tan iná fóònù, mo tún ìwé mi kọ. Típà mẹ́ta ti Alájì, N90,000 lórí ìkọ̀ọ̀kan, ó di N270,000. Bọ́ọ̀sì akérò méjì tí ó wà ní àdúgbò, N30,000 lórí ìkọ̀ọ̀kan, N60,000. Ọkọ̀ kékeré 11, N20,000 lórí ìkọ̀ọ̀kan, N220,000. Ó ku N475,000. Mo pín in sórí yàrá. Yàrá 190 ni ó wà ní àdúgbò wa. N2,500 ni ó kan yàrá kan. Opó oníyàrá méjì yóò san N5,000. Ó ti san N3,000, ó ku N2,000.

Mo mọ̀ pé ìjọba kò lè lọ máa ka yàrá gbogbo Nàìjíríà báyìí. Ọ̀nà tiwọn ni epo. Láti 2007 ni òfin àjọ FERMA, àwọn tí ń tún títì ìjọba àpapọ̀ ṣe, ti sọ pé kí a yọ márùn-ún lórí ọgọ́rùn-ún owó epo ọkọ̀ fún títì, kí ìpín 60 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ lọ sí ọ̀dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀, kí 40 jẹ́ ti FERMA. Òfin owó-orí tuntun ti 2025 tún mú irú rẹ̀ wá, ṣùgbọ́n kò gbọdọ̀ bẹ̀rẹ̀ àfi bí mínísítà ìṣúná bá tẹ àṣẹ rẹ̀ jáde. Òfin kan náà yọ ẹni tí owó rẹ̀ kò ju N800,000 lọ lọ́dún kúrò nínú owó-orí, èyí sì dára lójú mi. Ní ti epo, ó dára, kò sì dára. Tírélà ń mu epo púpọ̀, yóò san púpọ̀. Ṣùgbọ́n ìyá tí ó ń fi bẹntiróò lọ ata kò gbé ẹ̀rọ ìlọta rẹ̀ lọ sí ojú títì rí. Bí ó bá ṣe tèmi ni, orí dísẹ́ẹ̀lì àti orí ìwọ̀n ẹrù ni n bá gbé púpọ̀ nínú rẹ̀ lé. Ghana ti ní àpò títì tí òfin dá sílẹ̀ láti 1997. Àwa pẹ̀lú ní tóògéètì títí ìjọba Ọbásanjọ́ fi mú wọn kúrò ní ìbẹ̀rẹ̀ 2004. Àpò tí a kò bá ka ohun inú rẹ̀ sétí ìlú, bẹntiróò tàbí tóògéètì, bákan náà ni.

Ìpàdé wa bọ́ sí ọjọ́ Sunday kejì. Mo ka ìṣirò tuntun. Alájì dìde, gbogbo ilé pa lọ́lọ́.

Wọ́n ní, "Tíṣà, yanrìn tí ẹ fi kọ́lé, ta ni ó gbé e wá? Mo ń san owó ìwé ọkọ̀. Bí ẹ bá gba N270,000 yìí lọ́wọ́ mi, n ó gbé e lé orí yanrìn, ẹ̀yin náà ni ẹ ó san án."

Òtítọ́ ni wọ́n sọ, mo sì sọ fún wọn bẹ́ẹ̀. Mo ní, "Alájì, ẹ gbé e lé e. Ẹni tí ó bá ń kọ́lé ni yóò san án, ní ìwọ̀n yanrìn tí ó rà. Ẹlẹ́kọ kò ra yanrìn."

Wọ́n wo ẹ̀gbẹ́ ògiri, níbi tí opó náà jókòó sí. Wọ́n ní àwọn yóò san án ní ìdá mẹ́ta, ṣùgbọ́n kí afárá náà nípọn ju èyí tí a ti sọ lọ, kí a sì máa lẹ ìwé owó náà mọ́ ara ògiri mọ́ṣáláṣí àti ti ṣọ́ọ̀ṣì lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n lè rí ohun tí a fi owó wọn rà. A gbà á. Ọ̀rọ̀ gbígbé ẹrù onílé kò tún wáyé mọ́.

Sìmẹ́ńtì dé ní ọjọ́bọ̀. Opó náà mú N2,000 wá, ó sì gbé ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ wá fún àwọn bíríkìlà. Bí mo ti ń kọ èyí, ilé mẹ́sàn-án ni kò tíì san pé nínú ìwé tí a lẹ̀ mọ́ ògiri. Orúkọ kẹrin nínú wọn ni tèmi, N7,500, títí owó oṣù yóò fi wọlé.